Eku tó gbàgbé ọ̀nà: ohun tí ìwádìí lára ẹranko lè sọ fún wa nípa àrùn ìgbàgbé, àti ohun tí kò lè sọ

Kò sí ọdún tí irú ìròyìn yìí kì í jáde: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wo àrùn ìgbàgbé sàn lára eku. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé orí WhatsApp, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ nípa eku kúrò nínú rẹ̀, ẹnìkan sì ti ń ta àgbo inú ìgò tó ní ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣarán nílé, tí wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́ pe ọmọ bíbí inú wọn, á ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lákàtúnkà. Mi ò wá láti gba ìrètí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí a mọ irú eku tí wọ́n ń sọ, bó ṣe di onígbàgbé, ohun tó bàjẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, àti ìdí tí ìwòsàn rẹ̀ kì í fi í yára di ìwòsàn tiwa.

Àrùn ìgbàgbé kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Orúkọ tí a fi ń pe oríṣiríṣi àìsàn tó ń jẹ iyè àti làákàyè ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ni, títí ẹni náà kò fi ní lè dá ara rẹ̀ tọ́jú mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 55 ènìyàn tó ní in káàkiri ayé, àti pé Alzheimer ló wà nídìí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí Alzheimer ni púpọ̀ nínú ìwádìí eku dá lé, òun náà ni màá dúró lé.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé eku kì í ní Alzheimer. Eku oko kì í ní i, èkúté ilé kì í ní i. Ẹ̀lírí inú yàrá ìwádìí kì í sábà lò ju ọdún 2 sí 3 lọ láyé, bó sì ti wù kó gbó tó, tí wọ́n bá la ọpọlọ rẹ̀ wò, wọn kò ní bá ohun tí wọ́n ń bá nínú ọpọlọ ènìyàn tí Alzheimer pa. Nítorí náà, gbogbo eku Alzheimer tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ń bá nínú ọpọlọ ènìyàn? Ní 1901, wọ́n gbé obìnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Auguste Deter lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Frankfurt. Ẹni ọdún 51 ni. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, Alois Alzheimer, kọ ohun tí wọ́n jọ sọ sílẹ̀. Ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó ní Auguste. Ó bi í léèrè orúkọ ọkọ rẹ̀, ó tún ní Auguste. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, wọ́n fi ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Alzheimer tó ti wà ní Munich nígbà náà. Ó gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó fi aró rẹ ẹ́ kí ohun inú rẹ̀ lè hàn, ó sì fi máíkírósíkóòpù wò ó. Nǹkan méjì ló rí. Láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìdọ̀tí kan dì jọ káàkiri. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn, fọ́nrán tín-ín-rín ti lọ́ mọ́ra wọn, débi pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn kú tán, fọ́nrán yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù níbi tó wà. Títí dòní, ohun méjì yìí ni wọ́n fi ń dá Alzheimer mọ̀ nínú ọpọlọ.

Ìdọ̀tí tó dì jọ yẹn là ń pè ní amyloid. Kì í ṣe májèlé tí ẹnikẹ́ni fi sínú oúnjẹ; ara wa ló ń ṣe é. Pùròtéènì gígùn kan wà tó ń jẹ́ APP, tí apá kan rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí apá kejì yọ síta. Ara máa ń gé e bó ṣe ń lò ó. Tí wọ́n bá gé e sí ibi kan báyìí, èyí tó já sílẹ̀ jẹ́ amyloid, ẹyọ kékeré tí kò ju ogójì èròjà àti díẹ̀ lọ. Èyí tó gùn díẹ̀ jù nínú wọn ló ń lẹ̀ mọ́ra. Ọpọlọ tó ṣì lágbára máa ń fọ̀ ọ́ dànù lójoojúmọ́. Ìgbà tí ohun tí à ń ṣe bá ju ohun tí à ń fọ̀ lọ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì ń jẹ́ tau. Iṣẹ́ rere ni tau náà ń ṣe níbẹ̀rẹ̀: òun ló ń di àwọn ọ̀nà tí oúnjẹ àti ẹrù ń gbà kọjá nínú apá gígùn sẹ́ẹ̀lì mú, kí wọ́n má tú. Nínú àrùn yìí, ó já kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra.

Inú ìdílé ènìyàn ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe eku Alzheimer. Àwọn ìdílé kan wà tí àrùn náà ń bá láti ìran dé ìran, tó ń mú wọn ní ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ní London rí i pé nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kékeré kan wà nínú jíìnì (ìlànà tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé) tó ń ṣe APP. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí òmíràn nínú ìdílé kan ní Sweden, èyí tó ń mú kí amyloid pọ̀ rékọjá. Wọ́n mú jíìnì ènìyàn tó ní irú àṣìṣe yìí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tinrín ju irun lọ fà á sínú ẹyin eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtọ̀, wọ́n dá ẹyin náà padà sínú abo eku, wọ́n sì dúró de ọmọ. Ní 1995, wọ́n kéde eku àkọ́kọ́ tí ìdọ̀tí amyloid kún inú ọpọlọ rẹ̀ bíi ti ènìyàn. Ní 1996, Karen Hsiao àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Minnesota fi àṣìṣe ìdílé Sweden yẹn ṣe eku tí wọ́n ń pè ní Tg2576. Ìdọ̀tí wà nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ń gbàgbé.

Láti ìgbà náà, irú eku bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀kan tí wọ́n ń lò jù ni 5xFAD, tó jáde ní 2006. Àṣìṣe márùn-ún láti inú ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó jọ sínú eku kan ṣoṣo, kò sì sí ènìyàn kankan láyé tó ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí eku náà tó pé oṣù 2 ni ìdọ̀tí ti ń dì jọ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣòro tí màá sọ níwájú ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé eku ti gbàgbé? Kò lè sọ̀rọ̀, kò ní orúkọ ọkọ tí a lè bi í. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti wù mí jù. Ní 1981, Richard Morris, onímọ̀ ọpọlọ kan ní Scotland, gbé àyẹ̀wò kan jáde tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Agbada omi roboto kan ni, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju mítà kan lọ. Wọ́n á da ìyẹ̀fun mílíìkì tàbí ọ̀dà funfun tí kò lè pa eku lára sínú omi náà kó lè ṣú, kí ojú má ríran wọnú rẹ̀. Wọ́n á wá gbé pèpéle kékeré kan sínú omi, kí omi bò ó ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ara ògiri yàrá ni wọ́n lẹ àwòrán mọ́: ìlà dúdú níhìn-ín, àmì róbótó lọ́hùn-ún. Eku mọ omi í wẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé e sínú rẹ̀, á máa lúwẹ̀ẹ́ yípo etí agbada, á máa wá ọ̀nà àbáyọ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ṣèèṣì kan pèpéle tí kò rí. Á gùn ún. Á jókòó, á gbọn omi ara rẹ̀ nù, á sì wo ògiri yíká.

Wíwò yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ibòmíràn ni wọ́n máa ti jù ú sínú omi, ṣùgbọ́n pèpéle kò kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ọ̀nà rẹ̀ ń kúrú. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, eku tí ara rẹ̀ le á kọjú sí ibẹ̀ tààrà, á dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó ti fi àwòrán ara ògiri mọ ibi tí ohun tí kò rí wà. Wọ́n á wá yọ pèpéle náà kúrò pátápátá, wọ́n á tún gbé eku sínú omi, kámẹ́rà tó wà lókè á sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Eku tó rántí á máa lọ á máa bọ̀ ní apá ibi tí pèpéle ti wà tẹ́lẹ̀, ó dá a lójú pé ibẹ̀ ni. Eku tó ní àrùn á máa lúwẹ̀ẹ́ káàkiri gbogbo agbada, bíi pé kò dé ibẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí lè tan ènìyàn jẹ o. Àwọn ẹ̀yà eku kan wà tí wọ́n jogún jíìnì tó ń pa ojú wọn láti kékeré. Eku afọ́jú kò lè rí àwòrán ògiri, kò sì ní rí pèpéle, ẹni tí kò bá fura á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí olùwádìí tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ fi àsíá kékeré sórí pèpéle, kó jẹ́ ohun tí ojú lè rí. Eku tí kò bá lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú àsíá, ojú ló ń dùn ún tàbí apá, kì í ṣe iyè. Wọ́n tún ní àyẹ̀wò mìíràn tí kò mú omi lọ́wọ́: wọ́n á fi nǹkan méjì han eku, wọ́n á pààrọ̀ ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, wọ́n á wo bóyá á lọ máa gbóòórùn èyí tó jẹ́ tuntun. Eku fẹ́ràn nǹkan tuntun. Èyí tó bá ń wo méjèèjì bákan náà ti gbàgbé pé òun mọ ọ̀kan.

Apá ibi tí mímọ ọ̀nà wà nínú ọpọlọ, nínú eku àti nínú ènìyàn, ni hippocampus, tó wà nínú lọ́hùn-ún ní ìhà etí méjèèjì. Ní 1971, John O'Keefe tó ń ṣiṣẹ́ ní London kéde pé òun rí sẹ́ẹ̀lì nínú hippocampus eku tó jẹ́ pé ìgbà tí eku bá dé ibì kan pàtó nìkan ló ń fọhùn. Òun àti tọkọtaya Moser láti Norway gba ẹ̀bùn Nobel nítorí irú iṣẹ́ yìí ní 2014. Itòsí ibẹ̀ gan-an ni Alzheimer ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ènìyàn. Ìdí rèé tí àgbàlagbà fi lè ṣìnà lójú ọ̀nà ọjà tó ti ń ná láti ogójì ọdún, nígbà tó ṣì lè kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò díbọ́n. Apá tó mọ ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

Kí ló wá bàjẹ́ níbẹ̀? Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé nínú púpọ̀ nínú àwọn eku amyloid, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Eku náà ń gbàgbé, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì wà láàyè. Ohun tó ń bàjẹ́ ni ojú ìpàdé, ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èkejì. Tí a bá kọ́ nǹkan, ojú ìpàdé kan ń lágbára sí i, òmíràn ń rọlẹ̀, ibẹ̀ ni ìrántí ń gbé. Amyloid tí kò tíì dì jọ di ìdọ̀tí ńlá, tó ṣì jẹ́ ìṣù wẹ́wẹ́ tó ń léfòó, ti ń ba ibẹ̀ jẹ́. Nínú Tg2576, ìgbàgbé máa ń yọjú kí ìdọ̀tí tó hàn dáadáa. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Boston tún fi hàn lára eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ agbálẹ̀ ọpọlọ, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó pàǹtí, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú ìpàdé tó ṣì dára níbẹ̀rẹ̀ àrùn náà. Ààbò ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìpalára.

Ti tau náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2005, wọ́n gbé eku kan jáde tó ní tau ènìyàn tó ti bàjẹ́, pẹ̀lú ohun ìtanpa kan nínú jíìnì náà: tí wọ́n bá fún eku ní doxycycline, tau á dẹ́kun jíjáde. Ẹ máa mọ̀ pé doxycycline jẹ́ oògùn kòkòrò àìsàn tó wà nílé kẹ́míìsì, mo sì fẹ́ tètè sọ ọ́ kó tó di ìròyìn: kì í wo ìgbàgbé ènìyàn sàn. Nínú eku yẹn, àwọn olùwádìí ló dìídì so jíìnì náà mọ́ oògùn yẹn kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa tau ló gba àfiyèsí. Eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pèpéle inú omi padà, bẹ́ẹ̀ fọ́nrán tó ti lọ́ mọ́ra kò dínkù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ó jọ pé ohun tí Alzheimer rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù jẹ́ òkú ìjà náà, kì í ṣe ẹni tó ń jà.

Ìwádìí kan tún wà tí mi ò lè ṣàì sọ. Ní 2016, Susumu Tonegawa àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, lo eku tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Wọ́n gbé e sínú àpótí kan, wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á lẹ́sẹ̀. Eku tó gbádùn máa ń dì gbagidi tó bá tún rí àpótí náà lọ́jọ́ kejì. Èyí tó ní àrùn ń rìn kiri nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù, ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọgbọ́n jíìnì sàmì sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣiṣẹ́ nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ fi lè jí wọn. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ búlúù sí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, eku náà dì gbagidi. Ẹ̀rù ṣì wà nínú rẹ̀. Ìrántí náà kò kú. Ẹrù wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ ló sọnù. Nígbà tí wọ́n wá fi ìmọ́lẹ̀ náà mú ojú ìpàdé àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn lágbára léraléra, eku náà rántí láìsí ìmọ́lẹ̀.

Mi ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá wa. Eku yẹn wà níbẹ̀rẹ̀ àrùn, wọ́n sì ti dá ihò sí agbárí rẹ̀, wọ́n fi kòkòrò fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì sínú ọpọlọ rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe sí baba rẹ̀ nílé. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí à ń ṣe sí àwọn arúgbó wa. Ìyá tó jáde lóru tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tí wọ́n bá ní ìdí igi láàárọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ni. Wọ́n ti lu irú wọn, wọ́n ti lé irú wọn kúrò nílé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Eku kò ní ẹgbẹ́ òru. Wọ́n fi jíìnì ènìyàn kan sínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ń ṣìnà nínú agbada omi. Àìsàn ni.

Kí ló wá dé tí ohun tó wo eku sàn kì í wo wá sàn? Ìtàn abẹ́rẹ́ AN1792 ló ṣàlàyé rẹ̀ jù. Ní 1999, Dale Schenk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn fún eku ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fi amyloid ṣe. Ara eku kọ́ bí a ṣe ń gbógun ti amyloid. Èyí tó gbà á ní kékeré kò ní ìdọ̀tí rárá, èyí tó gbà á lágbà, ìdọ̀tí tirẹ̀ dínkù. Inú gbogbo ayé dùn. Wọ́n gbé e lọ sára ènìyàn, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2002 wọ́n ní láti dá a dúró, nítorí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú mọ́ nǹkan bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà lórí. Eku kankan kò fi irú rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn kan nínú àwọn tó gbà á títí wọ́n fi kú, wọ́n sì la ọpọlọ wọn wò. Nínú àwọn mìíràn, ìdọ̀tí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Síbẹ̀, ìgbàgbé ńlá ni wọ́n bá kú.

Ọ̀nà yẹn kò já sí asán pátápátá. Oògùn kan tó ń jẹ́ lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní kíkún ní oṣù keje 2023, wá láti inú èròjà agbógunti amyloid tí wọ́n kọ́kọ́ fi eku ṣiṣẹ́ lé lórí ní Sweden. Láàárín oṣù 18, àwọn tó gbà á ń gbàgbé síwájú sí i bíi ti àwọn tí kò gbà á, ṣùgbọ́n ìṣubú tiwọn fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra jù. Kò dá ohun tó ti sọnù padà. Ọpọlọ àwọn kan wú tàbí ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ní láti máa fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, ṣọ́ wọn. Ohun tí eku sọ pé mímú amyloid kúrò á ṣe jẹ́ òtítọ́, àmọ́ kékeré ni, ó sì pẹ́ kó tó dé.

Ìdí tó fi pẹ́ ni ọjọ́ orí. Nínú ènìyàn, amyloid ti ń dì jọ láti ọdún 15 sí 20 kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí ìgbàgbé. Eku 5xFAD ń gba oògùn nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ oṣù díẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ yòókù ṣì jẹ́ ti ọ̀dọ́. Àwọn àṣìṣe inú jíìnì tí wọ́n fi ṣe é, kò tó ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn alárùn Alzheimer tó ní i. Eku amyloid nìkan kì í ní fọ́nrán tau tó lọ́ mọ́ra; àfi kí wọ́n fi jíìnì tau kún un. Ọpọlọ ẹni ọdún 80 tó ń ṣarán kì í sì í ní àìsàn kan ṣoṣo: ẹ̀jẹ̀ ríru ti di òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré pa síbí, àtọ̀gbẹ ti ṣe tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Eku inú àgò kò mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbà kò ṣe é rí.

Ìwà ènìyàn náà tún wà níbẹ̀. Ìwé ìwádìí kan jáde ní 2006 nípa Tg2576, tó ní òun ti rí irú amyloid pàtó kan tó ń fa ìgbàgbé. Àìmọye ìwádìí mìíràn tọ́ka sí i. Ní 2024, ìwé ìròyìn Nature tó tẹ̀ ẹ́ jáde fà á padà, nítorí wọ́n ti tún àwọn àwòrán inú rẹ̀ ṣe lọ́nà tí kò tọ́. Ìwà yìí máa ń dun ènìyàn ju ìṣòro eku lọ, nítorí owó àti ọdún tí wọ́n ná sórí rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń dúró de ìwòsàn.

Eku nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ajá tó bá gbó dáadáa máa ń ní ìdọ̀tí amyloid fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan jíìnì rẹ̀, amyloid tirẹ̀ sì bá tiwa dọ́gba láti orí dé ìdí, nígbà tí ti eku yàtọ̀ sí tiwa níbi mẹ́ta. Ajá bẹ́ẹ̀ á há sí kọ̀rọ̀ ilé, á dúró níwájú ìlẹ̀kùn ní apá tí kì í ṣí, á sùn lọ́sàn-án, á máa rìn kiri lóru. Ẹni tó ti tọ́jú àgbàlagbà onígbàgbé rí mọ ìwà yẹn láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Àwọn ọ̀bọ tó gbó náà ń ní ìdọ̀tí ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ajá ń lo ọdún mẹ́wàá kó tó gbó, àkókò àti owó kò gba ọ̀pọ̀ olùwádìí láyè.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa gan-an. Láti 1992, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana jọ wo àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, wọ́n fi wọ́n wé àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì wà lára àwọn tó gbé e lọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, lọ́dọọdún, 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìdíkàn ni Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 2.52. Jíìnì kan sì wà tó ń jẹ́ APOE, tí ẹ̀yà kẹrin rẹ̀ ń mú kí ewu Alzheimer ga gidigidi láàárín àwọn ènìyàn Yúróòpù. Wọ́n ti fi ẹ̀yà náà sínú eku, amyloid inú ọpọlọ eku bẹ́ẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lórí àwọn àgbà Ìdíkàn kéré gan-an sí ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Jíìnì kan náà, ara ọ̀tọ̀, ìgbé ayé ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìwádìí lórí eku bá ní APOE ń ṣe báyìí báyìí, ó yẹ ká máa bi í pé: lára ta ni?

Nítorí náà, tí ẹ bá tún rí ìròyìn ìwòsàn ìgbàgbé, ẹ wá ọ̀rọ̀ eku nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ wo bóyá kí àrùn tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún eku ní oògùn náà tàbí lẹ́yìn tó ti gbàgbé. Ẹ wo bóyá ìdọ̀tí ọpọlọ nìkan ló dínkù, tàbí eku náà tún rí pèpéle rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ń tà á nínú ìgò, kò tíì sí ìwádìí kankan tó bá a dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nílé, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n tó gbà pé Alzheimer ni. Àìtó fítámì B12 máa ń fa ìgbàgbé. Thyroid, ẹ̀yà ara inú ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, máa ń fà á tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìbànújẹ́ tó wọra lẹ́yìn tí ọkọ tàbí aya kú máa ń jọ ọ́, oògùn oorun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ náà lè fà á, etí tó ti di kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ orí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ jẹ́ lọ́jọ́ gbogbo. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n ìfúnpá lè fi púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí hàn, ìtọ́jú wọn sì wà nílé ìwòsàn tó sún mọ́ wa.